Ìrọ̀rí Lójú Fíìmù

Kí obìnrin inú fíìmù náà tó tú bọ́tìnnì kejì, Túbọ̀sún ti fò dìde, ó ti fa ìrọ̀rí yọ lórí àga, ó sì ti fi bo ojú tẹlifíṣọ̀n. Lọ́yà ni o. Ọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, tó ní ìyàwó àti ọmọ nílé, ló na ọwọ́ méjèèjì síwájú báyìí bí ẹni tí wọ́n ní kó di ògiri mú kó má baà wó. Àfi bí ẹni pé òun gan-an kò mọ ìgbà tí òun dìde.

Doyin, ìyá rẹ̀, kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín náà kú mọ́ ọn lẹ́nu.

Ó mọ ohùn tí ọmọ rẹ̀ gbọ́. "Bò ó!" Bẹ́ẹ̀ ni Oyèkúnlé ọkọ rẹ̀ máa ń ké nínú pálọ̀ yìí nígbà ayé rẹ̀, bí àwọn èèyàn inú fíìmù bá ti ń sún mọ́ra jù. Ọmọ tó bá jókòó nítòsí tẹlifíṣọ̀n ló máa fi ìrọ̀rí bò ó títí bàbá yóò fi sọ pé ó tó. Ilé ọmọ Nàìjíríà wo ní Cambria Heights yìí, ní New York, ni kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀? Àwọn kan ń fi rìmóòtù sá fún un, àwọn kan ń ní kí ọmọ di ojú. Ìrọ̀rí ni tiwọn. Èèyàn dáadáa ni Oyèkúnlé, ikú rẹ̀ dun Doyin wọra, ṣùgbọ́n abẹ́ òfin ìrọ̀rí yẹn ni òun tó bímọ fún un náà wà. Kò wo fíìmù ìfẹ́ kan láìsí àlàfo nínú rẹ̀ rí nínú ilé ọkọ.

Ibi tí òfin náà kù sí ni pé ìrọ̀rí kì í bo ohùn. Lẹ́yìn ìrọ̀rí, obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan sọ nǹkan kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Bàtà kan jábọ́ sílẹ̀, ó ṣe díẹ̀, èkejì tẹ̀ lé e. Òógùn bo Túbọ̀sún níwájú orí.

"Mummy, ẹ sọ pé old movie ni. Black and white," ó wí. Yorùbá rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bíi ti àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Queens, ṣùgbọ́n kò gbàgbé "ẹ" rí. Bàbá rẹ̀ rí sí ìyẹn. "Mo rò pé ó máa clean."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Gbé ìrọ̀rí kúrò."

"Ẹ jẹ́ kó kọjá first."

"Túbọ̀sún. Ilé mi nìyí. Gbé e kúrò."

Ó gbé e kúrò. Ó padà jókòó, ó gbé ìrọ̀rí lé itan, ó sì dojú kọ kápẹ́ẹ̀tì bí ọmọ tí wọ́n bá wí.

Doyin kò ránṣẹ́ pè é torí fíìmù. "Wá ní Sátidé, ọ̀rọ̀ wà" ló sọ fún un lórí fóònù, Túbọ̀sún sì ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ yàrá tí òun kùn sílẹ̀ fún ìyá òun ní Long Island ni, kí màmá lè máa bá wọn gbé ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe yàrá. Ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́ Muhideen, yóò sì tẹ aago ẹnu ọ̀nà nígbà tó bá di aago mẹ́rin. Kó tó dé, Doyin gbọ́dọ̀ ti sọ ọ́. Fíìmù yìí ló fẹ́ fi ṣí ara rẹ̀ lẹ́nu, torí ẹnu náà ti kọ̀ láti ṣí fún odidi ọdún méjì.

Olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìntì ni Muhideen, Park Hill ní Staten Island ló ń gbé, ìyàwó rẹ̀ ti kú. Òun ló kọ́kọ́ mú Doyin lọ sí ilé sinimá kékeré kan ní Manhattan, lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Doyin sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé fíìmù tó dàgbà ju òun lọ, kí ló lè wà nínú rẹ̀ ju orin àti fìlà? Ó jókòó, ẹnu yà á. Ọ̀gá kan wà níbẹ̀ tí kò lè kó ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára akọ̀wé rẹ̀. Doyin, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe nọ́ọ̀sì, mọ irú ọ̀gá yẹn níbi iṣẹ́, ó tún mọ orúkọ tó ń jẹ́. Onílé ń kan ilẹ̀kùn nítorí rent. Báǹkì wó, ọkùnrin ń parọ́ fún ìyàwó, ìyàwó náà sì di ẹrù rẹ̀ ó ń lọ. Àwọn obìnrin ń fẹ́ ẹni tó wù wọ́n, wọ́n ń jí lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ọ̀run ò wó. Àwọn ọmọdé òde òní tó kún inú sinimá náà ń rẹ́rìn-ín bí ẹni pé àná ni wọ́n ya fíìmù náà, ládùúgbò wọn.

Lẹ́yìn náà, lórí ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Staten Island, Muhideen ṣàlàyé fún un. Ó ní ọdún 1934 ni òfin tó ń ṣọ́ ohun tí fíìmù lè fi hàn ní Amẹ́ríkà wá múlẹ̀ dáadáa. Láti ìgbà náà, obìnrin tó bá tọ́ ìgbádùn wò níbi tí kò yẹ, àfi kó kú, tàbí kó sunkún, tàbí kó padà sílé kí fíìmù tó parí.

"Ìrọ̀rí," ni Doyin wí.

Ó ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún un. Muhideen rẹ́rìn-ín títí àwọn èrò ọkọ̀ fi ń wò ó.

Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún yìí, tí yìnyín bo ojú títì, Túbọ̀sún yọ wọlé láìpe fóònù. Muhideen wà nídìí tábìlì, ó wọ sílípáàsì, ó ń jẹun. Ẹnu Doyin sáré ṣáájú rẹ̀: "Ọ̀gbẹ́ni yìí ló wá bá wa tún bọ́ílà ṣe." Muhideen nu ọwọ́ rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí bésímẹ́ǹtì, yàrá abẹ́ ilé tí ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná wà, Doyin sì ń gbọ́ ọ tó ń fi irin lu irin, kọ́, kọ́, kọ́, ó pẹ́ gan-an. Nígbà tí Muhideen ń lọ, Túbọ̀sún fún un ní ogún dọ́là. Ó gbà á. Ó ní, "Thank you, sir."

Kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà mọ́, àfi òwúrọ̀ òní tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọlé sórí fóònù Doyin: "Ṣé kí n mú àpótí irinṣẹ́ lọ́wọ́?" Doyin rẹ́rìn-ín, ó tún un kà, kò sì rí ohun tó máa fi dá a lóhùn. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ ti Doyin kò rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Bésímẹ́ǹtì ló wà, ó ṣì ń lu irin.

Nínú pálọ̀, fíìmù ń lọ. Opó ni obìnrin náà, ó ń ta ìbọ̀wọ́ ní ilé ìtajà ńlá kan, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ti pàṣẹ pé aṣọ dúdú ni kó máa wọ̀ títí ayé. Túbọ̀sún ò fẹ́ wò ó, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, orí rẹ̀ gbé sókè.

"Ìgbà wo ni wọ́n máa mú un?" ó bi ìyá rẹ̀.

"Ta ló máa mú un?"

"I don't know. Nǹkan gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ sí i."

"Nítorí kí ni?"

Lọ́yà tún yíjú sí fíìmù. Obìnrin náà jí, ó mu kọfí lórí ìdúró, ó dé fìlà rẹ̀, ó sáré bá reluwé tó ń gba òkè títì kọjá, ó sì há sáàárín èrò, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó tán.

"That's it? Kò sí punishment?"

"Ó pẹ́ dé ibi iṣẹ́."

Túbọ̀sún bú sẹ́rìn-ín. Ara rẹ̀ wá balẹ̀. "But Mummy, àwa ò kí ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tiyín, everybody was decent. Grandma máa faint."

"Ní nǹkan bí ọdún tí wọ́n ya fíìmù yìí," ni Doyin wí, "ìyá ìyá mi dúró ní kóòtù ìbílẹ̀ ní Òṣogbo, ó ń kọ ọkọ. Ọkùnrin tó fẹ́ lọ bá jókòó sẹ́yìn rẹ̀ nínú kóòtù, òun ló san owó orí ìyàwó padà fún ọkọ náà. Ọkùnrin yẹn ló bí ìyá mi."

"Great-grandma? Èyí tó mú Bible nínú picture yẹn?"

"Òun náà. Ìgbà tó di ìyá ìjọ ni wọ́n fi ìrọ̀rí bò ó."

Túbọ̀sún wo fọ́tò bàbá rẹ̀ lára ògiri, ó wo ìyá rẹ̀. "Mummy, kí ló dé tí ẹ ń sọ èyí fún mi?"

Aago ẹnu ọ̀nà dún.

Túbọ̀sún ló sún mọ́ fèrèsé. "Oh, the boiler guy," ó wí, inú rẹ̀ sì dùn pé ọ̀rọ̀ yí padà. "Ó gbé toolbox. Ó tún bàjẹ́ ni?"

Ọ̀nà àbáyọ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bí Doyin bá ti lè sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni", Muhideen máa sọ̀kalẹ̀ lọ lu irin, Túbọ̀sún máa fún un ní ogún dọ́là mìíràn, ara gbogbo èèyàn á sì tù. "Bẹ́ẹ̀ ni" náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Inú wá bí i sí ọ̀rọ̀ méjì yẹn, inú bí i gidi.

"Bọ́ílà wa ò bàjẹ́ rí," ó wí.

Túbọ̀sún yíjú padà. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. "Ní February..."

"Oúnjẹ ló ń jẹ. Èmi ni mo sè é."

"Mo fún un ní twenty dollars." Ohùn rẹ̀ ti kéré.

"Mo mọ̀."

"Daddy ńkọ́?"

"Daddy yín kú, Túbọ̀sún. Mo sunkún rẹ̀, mo sin ín, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ dòní. Èmi ò kú."

Aago tún dún. Doyin dìde, ó lọ ṣí ilẹ̀kùn.

Muhideen dúró níbẹ̀, ó de táì sábẹ́ kóòtù, àpótí irinṣẹ́ pupa kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí Túbọ̀sún lókèèrè, ó gbé ohùn sókè bí òṣèré: "Ẹ káàsán ma, Mummy Túbọ̀sún. Ṣé bọ́ílà yẹn tún ń yọ yín lẹ́nu ni?" Ojú rẹ̀ ni kò ṣeré. Ojú rẹ̀ ń béèrè bóyá bí Doyin ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

Doyin gba àpótí náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti múra sílẹ̀ fún ẹrù wúwo, ọwọ́ rẹ̀ sì fò sókè. Òfìfo ni.

"Irinṣẹ́ wúwo," ni Muhideen wí jẹ́jẹ́. "Park Hill sì jìnnà."

Bọ́ọ̀sì, ọkọ̀ ojú omi, subway, bọ́ọ̀sì mìíràn, pẹ̀lú àpótí òfìfo, nítorí bóyá obìnrin tó fẹ́ràn rẹ̀ tún máa fi í pamọ́. Doyin fẹ́ sunkún, ó sì fẹ́ gbá a létí. Ó gbé àpótí náà kalẹ̀ síta, sórí àtẹ̀gùn, níbi tí aládùúgbò wọn tó ń fa ajá rẹ̀ kọjá ti lè rí i.

"Pè mí bí o ṣe máa ń pè mí."

Muhideen wo Túbọ̀sún lẹ́yìn Doyin nínú pálọ̀.

"Doyin," ó wí.

"Kò gbọ́. Sọ ọ́ sókè."

"Doyin!"

Ajá gbó ní títì. Doyin di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fà á wọlé, kò sì ti ilẹ̀kùn. Ìgbà tí wọ́n dé àárín pálọ̀, tí ẹsẹ̀ Doyin kọ ìrọ̀rí tó ti bọ́ sílẹ̀, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fura pé láti ìgbà tí òun ti lọ ṣí ilẹ̀kùn, òun kò bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan láti mọ bí ojú ọmọ òun ṣe rí.