Ìjókòó Ìyá Onípáálí

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ẹnjiníà obìnrin kan fi rìn káàkiri inú ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan, tó ń so ẹ̀rọ kéékèèké tó ń wọn ooru mọ́ ara òpó. Àwọn tó ni ilé fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí pé ilé àwọn kò ba àyíká jẹ́, pé ara sì tu àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Gbogbo ẹ̀rọ ló ní kò séwu. Ó wá ku ìwé pélébé tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa fi sọ bóyá ooru ń mú òun tàbí òtútù.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò fi àmì sí tirẹ̀: Ìyá Onípáálí, tó ti ń di ẹrù sínú páálí lábẹ́ òrùlé páànù náà láti ọdún mọ́kàndínlógún.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ooru ló ń mú yín ni àbí òtútù?"

"Ọmọ mi, ta ló ń béèrè ìyẹn? Ó ti mọ́ mi lára."

"Èmi ni mò ń béèrè, mà."

Ìyá náà dìde lórí ìjókòó rẹ̀. "Ó dáa. Jókòó síbí, kí o bá mi di ẹrù. Mò ń lọ mu omi."

Aago méjì ọ̀sán ti lù. Ẹnjiníà di páálí kìíní, ó di ìkejì. Ìmọ́lẹ̀ ń rọra bọ̀ láti òkè, eruku ń rìn gbéregbère nínú rẹ̀. Ariwo ọkọ̀ akẹ́rù jìnnà réré. Ó wá ń ṣe é bíi pé ẹnì kan gbé àtẹ́lẹwọ́ gbígbóná lé e láàárín orí, tí kò sì fẹ́ gbé e kúrò. Ojú rẹ̀ rọ̀. Ó rí ara rẹ̀ tó ń léfòó láàárín àwọn páálí, wọ́n fúyẹ́ bí òwú, àwọn ẹ̀rọ ara òpó sì ń sọ fún un jẹ́jẹ́ pé kò séwu, kò séwu.

Atẹ́gùn ló jí i. Ìyá Onípáálí dúró tì í, ó ń fi abala páálí fẹ́ ẹ.

"O ti mọ̀ báyìí," ni ìyá náà wí.

"Mo ti mọ̀, mà. Ooru inú afẹ́fẹ́ nìkan ni ẹ̀rọ mi ń wọ̀n. Ooru páànù òkè yìí ló ń jó yín."

Bó ṣe kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Àwọn onílé kùn díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọ̀dà funfun tó ń dá oòrùn padà kun òrùlé, wọ́n sì gbé fáànù gbàǹgbà kan kọ́ tó ń yí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Nígbà tí wọ́n tún pín ìwé, Ìyá Onípáálí gba bírò, ó ronú, ó fi àmì sí "ó tutù díẹ̀." Lẹ́yìn náà ló fa súwẹ́tà aláwọ̀ sánmà kan yọ nínú báàgì, ó wọ̀ ọ́, ó ń kọrin lábẹ́nu bó ṣe ń di ẹrù lọ.