Ẹkún Ìyàwó Nínú Sinimá

Orin náà ò tíì dé ìdajì tí Mojọlá fi gbé báàgì rẹ̀, tó fa Kíkẹ́ ọmọ wọn lọ́wọ́, tó sì ń fọgbọ́n kọjá láàárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn. Festus ọkọ rẹ̀ rò pé ọmọ ló fẹ́ yà sí ẹ̀yìnkùlé. Ta ni yóò bínú dìde lọ́jọ́ tí orúkọ ọkọ rẹ̀ jáde lójú sinimá? Gbogbo gbọ̀ngàn ìlú Ìsẹ́yìn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pàtẹ́wọ́ tán. Wọ́n ti fi aṣọ dúdú bo àwọn fèrèsé kí oòrùn ọ̀sán má baà wọlé, ooru sì mú bí inú ààrò, ṣùgbọ́n Festus ò tilẹ̀ mọ̀ pé ooru ń mú.

Ẹ má dá a lẹ́bi. Láti kékeré ni orin inú sinimá ti máa ń pa á bí ọtí. Bí ọkọ̀ sinimá bá wá sí Òkèhò tí wọ́n ti bí i, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ẹṣin àti ìbọn, orin tí ẹṣin fi sáré lòun á máa súfèé kiri. Bí fíìmù bá sì parí, tí gbogbo ayé ti ń gbé àga, òun á dúró gbọn-in títí yóò fi ka orúkọ ẹni tó ṣe orin náà. "Ẹnì kan ló jókòó tó ronú ẹ̀," bó ṣe máa ń wí nìyẹn fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ lórin nílé ẹ̀kọ́ girama. Nígbà tí òun àti Mojọlá ń fẹ́ra, wọ́n jọ lọ wo fíìmù Íńdíà kan ní ìta gbangba. Òjò dé, kálukú sá lọ, Festus kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò tíì rí orúkọ. Mojọlá dúró tì í, òjò pa wọ́n wọnú eegun. Ìfẹ́ ni.

Nítorí náà, nígbà tí Jẹ́ẹ́dé, ọ̀gá ẹgbẹ́ eléré kan láti Ìbàdàn, ní kó bá òun wá orin sí fíìmù tuntun, Festus jókòó ti dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì títí ó fi rí èyí tó wù ú. Fèrè ló ń gbé orin náà, dùùrù ń tẹ̀lé e, kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Obìnrin kan ló ń kó ẹrù jáde nílé ọkọ nínú fíìmù yẹn. Ìgbàkígbà tó bá ti ń di ẹrù, orin á dé, àwọn ìyá tó ń wòran á sì fi ìborùn nu ojú.

Nígbà tí Festus padà délé, ìlẹ̀kùn wà ní títì. Aládùúgbò kan ló sọ fún un pé ìyàwó rẹ̀ ti gba ilé bàbá rẹ̀ lọ.

Ahunṣọ ni gbogbo ilé bàbá Mojọlá. Lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ti ń hun òfì, ọwọ́ dúró nígbà tí Festus wọlé, kò sì sẹ́ni tó bá a ṣẹ̀fẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìyá Ẹfúnwùmí, ẹ̀gbọ́n bàbá Mojọlá, ẹni tó tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ló jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Festus dọ̀bálẹ̀. Ìyá náà ò ní kó dìde.

"Tíṣà, ṣé o ti lé ọmọ wa jáde ni?"

Festus ní rárá o, kí lòun ṣe?

"Àwọn èèyàn ti ń wá bi mí láti ọ̀sán bóyá Mojọlá ti kó ẹrù rẹ̀ dé. Ẹkún tí ọmọ wa fi wọlé ọkọ ni o gbé fún obìnrin tó ń jáde nílé ọkọ."

Ọ̀rọ̀ náà wá yé Festus. Bí ìgbéyàwó bá ku ọ̀la, ìyàwó á máa lọ bá àwọn àgbà ilé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa fi ohùn arò dágbére, wọ́n á sì máa súre fún un. Ẹkún ìyàwó nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ni ọmọbìnrin ń sun ún láyé rẹ̀, èyí tó bá tún un sun, ilé ọkọ kejì ló ń lọ. Ọdún FESTAC ni Mojọlá sun tirẹ̀, gbogbo agbo ilé ló sì bá a sunkún torí ìyá rẹ̀ tí kò sí níbẹ̀. Festus mọ èyí dáadáa. Ohun tó rò ni pé fèrè ò lẹ́nu, ta ni yóò mọ̀? Ó gbàgbé pé etí Yorùbá ni wọ́n máa fi gbọ́ ọ. Fèrè ò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ilé yẹn gbọ́ gbogbo ohun tó ń wí.

Mojọlá jáde láti yàrá. Aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀ ló ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, nítorí láti ibi iṣẹ́ ló ti lọ tààrà sí gbọ̀ngàn kó lè bá ọkọ rẹ̀ yọ̀. Èyí dun Festus ju ọ̀rọ̀ ìyá lọ.

"Bàbá Kíkẹ́, ibo lẹ ti gbọ́ ọ? Ẹ ò sí níbẹ̀."

Festus wo ilẹ̀. "Mo wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí ọkọ má wá, mo bá lọ lúgọ sẹ́yìn ìkòkò aró. Nígbà tí o bi wọ́n pé ta ni yóò bá ọ wé gèlè lọ́la, mo sunkún. Láti ìgbà náà ni mi ò ti lè gbàgbé ohùn yẹn."

Ìyá Ẹfúnwùmí ṣíjú sí ibòmíràn kí ẹ̀rín má baà pa á. Mojọlá ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ kí òjò pa mí torí orúkọ ẹni tó ṣe orin," ó ní. "Ẹ wá kọ orúkọ yín sórí tèmi."

Festus ní òun á lọ bá Jẹ́ẹ́dé kí wọ́n kọ orúkọ Mojọlá síbẹ̀.

"Kí wọ́n lè mọ̀ pé èmi gan-an ló ń kó ẹrù? Mi ò fẹ́ orúkọ. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ mọ́ ní ilẹ̀ wa."

Jẹ́ẹ́dé ò bínú, ó kàn rò pé orí tíṣà ti dàrú. Ó ní fíìmù kì í ṣe aṣọ òfì tí wọ́n lè tú. Ohun kan ṣoṣo tó ṣeé ṣe ni kí Festus tẹ̀ lé àwọn káàkiri Òkè-Ògùn, kó dúró ti ẹ̀rọ, kó máa pa ohùn mọ́ ọn lẹ́nu bí orin bá ti dé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pa orin ara rẹ̀, kó má retí pé òun á tún pè é sí fíìmù mìíràn. Festus mọ̀ pé ohun tóun ti ń lá lálàá láti Òkèhò ló ń lọ yẹn. Ó ní òun gbà.

Ní Ṣakí, ó dúró ti ẹ̀rọ. Bí obìnrin inú fíìmù bá ti na ọwọ́ sí ẹrù, á yí ohùn sílẹ̀, gbọ̀ngàn á sì dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọn èèyàn bú u. Wọ́n ní kí wọ́n lé ọ̀mùtí yẹn kúrò nídìí ẹ̀rọ. Ó dúró títí fíìmù fi parí.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé Ìsẹ́yìn kí Festus tó dé. Nígbà tó wọlé, ó bá Mojọlá, tó ti padà sílé láti ilé bàbá rẹ̀, ní ilé ìdáná, Kíkẹ́ ti sùn. Mojọlá kí i káàbọ̀, ó gbé oúnjẹ fún un, ó sì jókòó tì í, ohun tí kò ṣe láti ọjọ́ sinimá yẹn. Festus jẹun díẹ̀.

"Mojọlá, mi ò gbọ́ ẹkún yẹn tán lọ́jọ́ náà. Ẹnì kan gbé àtùpà bọ̀ wá síbi ìkòkò aró, mo bá sá lọ. Èmi ni mo ro ìparí tó wà nínú fíìmù. Báwo ló ṣe parí gan-an?"

Mojọlá bu omi fún un, ó gbé ife náà síwájú rẹ̀.

"Èyí tó kù yẹn, Bàbá Kíkẹ́," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́, "tèmi ni."