Ìkòkò Méjì, Orúkọ Kan

Kọ́lá, jọ̀ọ́, má tíì tan ẹ̀rọ tó ń fa omi yẹn o! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni mo ń pè ọ́ lórí fóònù yìí.

Mo lálàá pé kóòdù wa, àṣẹ tí a jọ kọ fún kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ náà, di ilé oníyàrá méjì. Èmi wà ní yàrá kan, mò ń wo omi inú táǹkì, mo sì ń fi ẹfun kọ iye rẹ̀ sára ìkòkò kan tó ń jẹ́ IpeleOmi. Ìwọ wà ní yàrá kejì, ò ń pariwo, "Ẹ̀rọ, fa omi sí i!"

Omi ti mù mí dé ọrùn. Mo ní, "Kọ́lá, ó ti kún!"

O ní, "Irọ́ ni! Òdo ni mò ń rí lára IpeleOmi."

Mo lúwẹ̀ẹ́ wá bá ọ. Yéè! Ìkòkò mìíràn ló wà lọ́dọ̀ rẹ, orúkọ kan náà, òdo lára rẹ̀. Ìyá mi jókòó lé e, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà.

Mo ta gìrì jí. N ò tíì fọ ẹnu tí mo fi ṣí kóòdù. Extern, ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ kí gbogbo fáìlì jọ lo ohun kan ṣoṣo, ló yẹ kí n kọ síwájú orúkọ yẹn, static tó ń fún fáìlì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ ni mo kọ. Fáìlì tèmi àti tìrẹ, kálukú ló ní IpeleOmi tirẹ̀! Tìrẹ ò ní kúrò ní òdo, ẹ̀rọ ò sì ní dúró bí táǹkì bá kún.

Kọ́lá? Ìró omi wo ni mò ń gbọ́ lọ́dọ̀ rẹ yẹn?