Ẹni Tó Lọ̀nà Lórí Omi

Ẹ má bi mí léèrè ohun tó gbé bàbá mi wọ ọkọ̀ mi lọ́jọ́ yẹn. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti fi ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń tu ọkọ̀ onígbòkun, bàbá mi ò wọ̀ ọ́ rí. Télọ̀ ni wọ́n, wọn ò mọ̀wẹ̀, maṣíìnì wọn ló yé wọn. Àmọ́ wọ́n fẹ́ wo àbíkẹ́yìn wọn, àbúrò mi, bó ṣe ń fi káìtì sáré lójú omi. Aṣọ ńlá kan ni, afẹ́fẹ́ á gbé e sókè, okùn gígùn mẹ́rin á so ó mọ́ àbúrò mi níbàdí, òun á sì dúró lórí pákó pẹlẹbẹ.

Òfin ọ̀nà wà lórí omi bó ṣe wà ní títì. Tí èmi àti àbúrò mi bá dojú kọra, ẹni tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí láti ọwọ́ ọ̀tún ló lọ̀nà. Onítọ̀hún ò gbọdọ̀ yà, ẹnì kejì ló máa yà fún un. Èmi ni mo kọ́ ọ, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fa etí ẹ̀ já kó tó mọ̀ ọ́n.

A wà lójú omi nìyẹn tá a rí àbúrò mi, ó ń bọ̀ wá bá wa tààrà. Ọwọ́ ọ̀tún mi ni afẹ́fẹ́ wà. Mo ní ó máa yà. Ó ku bí ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀, kò yà. 

"Yà fún un," bàbá mi ní.

"Bàámi, ẹ jókòó. Èmi ni mo lọ̀nà."

"Ta ló bi ẹ́ ní ti ọ̀nà? Mo ní kó o yà."

"Tí mo bá yà, tóun náà bá yà síbì kan náà, a máa forí gbárí. Ó mọ̀ pé mi ò ní yà."

Mo rọ̀ mọ́ ọ̀pá ìtọ́kọ̀. Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò mọ̀ pé mò ń ké. Okùn yẹn lè bẹ́ ọrùn èèyàn, bàbá mi ló sì jókòó níwájú. Mo pe àbúrò mi, mo tún pè é, kò dáhùn. Ó wù mí kí n yà wàyí, ọwọ́ mi ò gbọ́ tèmi mọ́. Bàbá mi dorí kodò, wọ́n ń pe màmá mi tó ti kú.

Afẹ́fẹ́ kan ṣàdédé jà. Ó já àbúrò mi gbà kúrò lójú omi, ó gbé e fò kọjá lẹ́yìn wa. Okùn ha orí òpó ọkọ̀, àbúrò mi sì já sómi.

Nígbà tó yọrí, mo ti ń rẹ́rìn-ín bíi wèrè. "Ẹ rí i, bàámi? Ó mọ òfin. Ó kàn pẹ́ kó tó yà ni."

Àbúrò mi di etí ọkọ̀ mú, ó ń wúkọ́, ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ibo lẹ ti yọ?" ó ní. "Okùn lọ́ mọ́ra wọn, òkè ni mò ń wò látàárọ̀. Mi ò rí yín rárá."

"Ó lóun ò rí wa," bàbá mi sọ fún mi, wọ́n rọra sọ ọ́, bí ẹni pé mi ò gbọ́.

Mo ti gbọ́. Mi ò lè gbé ọwọ́ mi kúrò lára ọ̀pá náà.