Àṣepamọ́

Wákàtí mẹ́fà ni kọ̀ǹpútà ní òun máa fi kó fídíò Bàbá wa jáde láti inú àpótí ìpamọ́. Wákàtí méjì péré ló sì kù kí ọkọ̀ tó máa gbé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ sí pápákọ̀ òfuurufú dé. Oṣù kẹta rèé tí Bàbá ti kú. Ohùn rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ mú lọ fún àwọn ọmọ rẹ̀, tí wọn ò rí bàbá àgbà wọn sójú rí.

"Ọ̀gá ẹlẹ́rọ," ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, "ṣé ẹsẹ̀ ni fídíò yìí ń fi rìn ni?"

Iṣẹ́ mi ni kí n máa so kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ pọ̀ mọ́ra wọn. Èmi náà ni mo gbé àpótí yìí sí yàrá Bàbá, ẹ̀rọ dúdú kan tí kò tóbi ju páálí bàtà lọ, tí Bàbá ń kó àwọn fídíò tó bá gbà sílẹ̀ pamọ́ sí. Mo pa á, mo tún un tàn. Mo yẹ inú rẹ̀ wò, kò sóhun tó ṣe é. Mo pààrọ̀ wáyà ara kọ̀ǹpútà ní pálọ̀. Wákàtí mẹ́fà náà ni. Ojú ayé lásán ni mò ń ṣe o. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju eéje lọ, mo sì mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn àpótí, ó mú ìwé tó bá a wá lọ́wọ́. "Ìwé yìí ní tó bá ń sáré dáadáa, iná rẹ̀ á láwọ̀ ewé. Kí ló dé tí èyí fi pọ́n?"

"Ẹ lọ di ẹrù yín, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí n ráyè ṣiṣẹ́."

Bó ṣe jáde, mo tú ike tó bo ẹnu wáyà lára ògiri yàrá Bàbá. Okùn wẹ́wẹ́ mẹ́jọ ló wà nínú wáyà tó gba inú ògiri lọ sí pálọ̀. Àpótí nílò mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ kó tó lè sáré, mẹ́rin péré ni mo fún un. Mẹ́rin yòókù, mo fà wọ́n sí yàrá mi, sára tẹlifíṣàn, kí n lè máa wo bọ́ọ̀lù. Ọ̀lẹ ni ò jẹ́ kí n fa wáyà kejì.

Bí Bàbá ṣe ń jókòó ti ẹ̀rọ tó ń wọ́ bí ìgbín nìyẹn. Tó bá pè mí pé nǹkan yìí ò yára, mà á ní, "Bàbá, ọwọ́ yín ló wúwo. Ẹ ti tẹ̀ ẹ́ jù." Á wo ìka rẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á ní òun ti gbọ́. Èmi á padà sídìí bọ́ọ̀lù mi. Ojú tì mí nígbà tí mo rántí ẹ̀rín yẹn.

Mo já ti tẹlifíṣàn, mo so mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pọ̀ níbí àti ní pálọ̀, mo sì de ike padà. Iná di àwọ̀ ewé. Wákàtí mẹ́fà di ogójì ìṣẹ́jú.

"Kí ló ṣe é?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi mí.

"Ìdọ̀tí ló wọ̀ ọ́."

"O káre, ọmọ ìyá mi. Abájọ tí Bàbá fi ń fi ẹ́ yangàn." Ìyìn yẹn gún mi lọ́kàn.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà kó fídíò tán, ẹ̀gbọ́n mi ní ká wo èyí tó gbẹ̀yìn kí ọkọ̀ tó dé. Bàbá yọ lójú kọ̀ǹpútà, ó sún mọ́ kámẹ́rà jù, bí ìṣe rẹ̀.

"Ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi, ìtàn tí mo bẹ̀rẹ̀ fún yín ò ní lè parí o. Àbúrò ìyá yín ní ọwọ́ mi ló wúwo. Iṣẹ́ rẹ̀ ni, ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. N óò jáwọ́ níbẹ̀, kí n má ba ẹ̀rọ ọmọ mi jẹ́."

Ọjọ́ tó gbà á sílẹ̀ hàn lábẹ́ rẹ̀. Ó lo oṣù mẹ́jọ sí i láyé lẹ́yìn ìyẹn, kò sì gba nǹkan kan sílẹ̀ mọ́.

Ọkọ̀ fọn fèrè níta. Ẹ̀gbọ́n mi nu ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bàbá yìí náà. Ọwọ́ rẹ̀ wúwo lóòótọ́, àbí?"

Kí n ṣáà ti ní bẹ́ẹ̀ ni, ó parí. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní àṣegbé ò sí, àṣepamọ́ ló wà, inú àpótí tí mo fọwọ́ ara mi gbé kalẹ̀ ni tèmi sì wà.

"Ẹ̀gbọ́n mi," mo ní, "kì í ṣe ìdọ̀tí. Kì í sì í ṣe ọwọ́ Bàbá." Mo mú un lọ sí yàrá Bàbá, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í tú ike ara ògiri náà, kó lè fojú ara rẹ̀ rí okùn mẹ́rin tí mo fi du Bàbá nítorí bọ́ọ̀lù.