Àwọn Tí Baálẹ̀ Kò Kà

Tejpal ọmọ baálẹ̀ ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò sì tíì gbéyàwó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti wá wo ilé nítorí rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn àna sì yí padà lójú ọ̀nà, torí kìlómítà mẹ́fà tó wà láàárín títì àti Dongarpura, ẹrẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Bàbá kan tilẹ̀ pàdánù bàtà rẹ̀ kan síbẹ̀. Ta ni yóò fi ọmọ fún ibi tí bàtà kò lè dé?

Ọ̀nà ìjọba nìkan ló kù tí Gajraj, baálẹ̀ náà, ń retí. Èmi, pọ́ǹpù omi ni mò ń tún ṣe. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo tú u palẹ̀ títí mo fi mọ bó ṣe ń fa omi ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe tú òfin ọ̀nà. Kò le rárá: abúlé tó bá ní igba ó lé àádọ́ta ènìyàn yóò rí ọ̀nà ọlọ́dà, èyí tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, kó máa tẹ ẹrẹ̀ lọ.

Dongarpura ní igba ó lé mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, láìka tiwa. Àwa oníṣẹ́ awọ tí a wà lódìkejì odò jẹ́ mọ́kànlélógójì.

Nígbà tí akànìyàn ìjọba dé, Baálẹ̀ fi í jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì okùn, ó fún un ní tíì. Ọkùnrin náà nawọ́ sí ilé wa.

"Àwọn tọ̀hún ńkọ́, bàbá?"

"Àwọn tó ń bó awọ òkú màlúù yẹn? Wọn kì í ṣe ara wa. Má fi wọ́n ba orúkọ abúlé mi jẹ́."

Mo wà níbẹ̀. Pọ́ǹpù rẹ̀ ni mò ń dì ní nọ́ọ̀tì, pọ́ǹpù tí wọn kò jẹ́ kí ìyá mi pọnmi níbẹ̀ rí. Bí mo bá sì ṣe tán, wọn á fọ̀ ọ́, torí ọwọ́ mi ti kàn án.

Mo tẹ̀lé akànìyàn jáde. Ó ní bí abúlé kan bá kọ̀ wá, abúlé mìíràn tí ilẹ̀ wa bá pààlà lè gbà wá. Kherwa, tó wà lẹ́yìn wa, ní igba ó lé mọ́kànlélógún. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, gbogbo wa ti tẹ àtàǹpàkò síwèé wọn.

Ìgbà tí èsì jáde ni Baálẹ̀ ká aṣọ rẹ̀ dé orúnkún, tó sọdá odò wá. Ìyá mi ń fẹ́ ìyàngbò kúrò lára ọkà.

"Phulia, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Háà, Baálẹ̀! Ṣé ẹ ò ṣìnà? Ibí yìí kì í ṣe abúlé yín o."

"Ṣebí ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wa."

"Láti ìgbà wo? Láàárọ̀ yìí?"

"Ẹni mẹ́rìndínlógún péré ló kù fún mi. Ẹ ṣàánú."

"Ó dáa, ẹ wá ṣà wá bí ẹ̀wà. Àwọn wo ni kò rùn nínú wa?"

Mo sọ fún un pé àtàǹpàkò wa ti gbẹ sínú ìwé Kherwa. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà ti gba ọ̀dọ̀ wa kọjá sí Kherwa. Bọ́ọ̀sì ń dúró lábẹ́ igi dóńgóyárò wa lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Dongarpura ń wò ó láti òdìkejì. Wọn kò ní afárá.

Nínú oṣù òjò ni àna kẹrin bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì náà. Odò ti kún. Tejpal dúró lódìkejì pẹ̀lú láwàní tuntun, bàbá rẹ̀ sì ń pariwo, "Ẹ dúró o! Odò máa fà!"

"Ó máa fà," ni ìyá mi wí, "tí ọmọge bá ti hewú."

Ó gbé omi fún àlejò náà. Òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́, ètè rẹ̀ ti bó, síbẹ̀ kò fọwọ́ kan ife wa. Irú Gajraj kan náà ni. Ṣùgbọ́n ó bi mí pé, "Níbo ni ọ̀nà ti wọ abúlé wọn?"

"Kò sí ọ̀nà, bàbá."

"Bọ́ọ̀sì tó ń padà ńkọ́?"

"Yóò dé láìpẹ́."

Ó kẹ̀yìn sódò, ó jókòó dè é. Nígbà tí bọ́ọ̀sì gbé e lọ, Tejpal tú láwàní rẹ̀, ó ká a sábẹ́ abíyá, ó sì wọlé lọ. Bàbá rẹ̀ ṣì ń pariwo.