Àga Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mákánjúọlá

Abẹ́rẹ́ mẹ́ta wà láàárín ètè Mìsítúrà, kò sì lè sọ̀rọ̀. Ọmọ rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tó ti ń tún aṣọ ṣe ní Rye Lane, ní Lọ́ńdọ̀nù, ó gbé apá méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá ń yẹ ara rẹ̀ wò. Ìyá ń dín ìbàdí ṣòkòtò pénpé pupa tí Rahmah fẹ́ fi jà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú ni ọmọ náà ti ń rù. Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí tí Mìsítúrà ń dín ṣòkòtò yẹn.

“White thread, Mummy?”

Ìyá yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. “Òwú pupa ti tán. Ta ni yóò rí i?”

Rahmah wo ìbàdí ara rẹ̀. “Tíkẹ́ẹ̀tì mélòó ló kù?”

“Méjìlélógún.”

“And it’s today. Kí aago mẹ́ta tó lù.”

“Mo gbọ́. Dúró dáadáa, kí n má gún ọ.”

Jabez tó ń ṣètò ìjà náà ti sọ ọ̀rọ̀ láìfi bò. Nígbà tí Rahmah jà kẹ́yìn, ènìyàn mọ́kàndínlógún péré ló wá tìtorí rẹ̀. Orúkọ akànṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló máa ń wà lára tíkẹ́ẹ̀tì tí àwọn ènìyàn rẹ̀ bá rà, ẹnu ọ̀nà sì ni Jabez ti ń kà wọ́n. Bí ọgọ́ta ènìyàn kò bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé lórúkọ Rahmah lónìí, kò ní fi í sínú ètò rẹ̀ mọ́. Jabez kì í ṣe ìkà. Ó ní gbọ̀ngàn tó ṣófo a máa pa ìjà, àti pé akànṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n jà tí kò ní èrò lẹ́yìn, inú ilé ìdárayá ni yóò darúgbó sí.

Nígbà ayé Mákánjúọlá, bàbá Rahmah, ọgọ́rin ènìyàn ló máa ń wá. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, kò sì sí ìsọ̀ tí kò ti lè dúró kí ènìyàn ní Rye Lane. Lẹ́yìn tó kú, Rahmah gbé àwòrán ara rẹ̀ sórí fóònù. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn tẹ ọkàn pupa sí i. Mọ́kàndínlógún wá. Ìdí nìyẹn tí Mìsítúrà fi gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó ti ta méjìdínlógójì láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀pọ̀ nínú wọn fún àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí tó ń tijú láti sọ pé rárá fún opó.

Òun fúnra rẹ̀ kì í lọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló lọ rí, nígbà tí Rahmah jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ó rí ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde ní imú kan náà tí òun ti fi ẹnu fa ikun inú rẹ̀ nígbà tí ọmọ náà wà ní ìkókó, ó sì dìde, ó jáde síta, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé. Láti ọjọ́ yẹn, bí Rahmah bá ń jà, orí ẹní ìkírun ni Mìsítúrà máa ń jókòó sí títí Mákánjúọlá yóò fi pè. Ọkọ rẹ̀ á wá ròyìn ìjà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: bí ọmọ ṣe yẹ̀ ẹ́, bó ṣe fi ọwọ́ òsì dá a lóhùn, bó ṣe kọsẹ̀ tí kò ṣubú. Kì í fo nǹkan kan. Mìsítúrà gbà pé ọkọ òun ń fi ojú rẹ̀ wò ó fún àwọn méjèèjì.

Rahmah ká ṣòkòtò náà sínú àpò. Kò bi ìyá rẹ̀ bóyá yóò wá. “Màá call yín after.”

“Pè mí. Kí o sì kó gbogbo eyín rẹ bọ̀ wá sílé.”

“Mummy, mo ní gumshield.”

“Mo mọ̀. Síbẹ̀, kà wọ́n.”

Ìsọ̀ Asher onígbàjámọ̀ ni Mìsítúrà kọ́kọ́ yà sí. Ará Jamáíkà ni Asher, irun tirẹ̀ ti funfun tán. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n jọ ń sọ. Ti Asher ń ṣe bí orin, ti Mìsítúrà ń rìn jẹ́jẹ́.

“Ìyàwó Mákánjúọlá,” ni Asher wí, kò gbé ojú kúrò lára orí tó ń fá. “Ṣé ẹ̀gbẹ́ rẹ ni mo máa jókòó?”

“Àga pọ̀ níbẹ̀.”

“Mi ò béèrè àga. Àga wà nílé mi, tẹlifíṣọ̀n wà níwájú rẹ̀, òjò kì í sì í rọ̀ síbẹ̀. Ọkọ rẹ máa ń sọ pé, ‘Asher, ẹ̀gbẹ́ mi ni ìwọ.’ Ohun tí mo ń bá lọ nìyẹn. Ìjà tí mo ti rí ní Peckham yìí ti tó mi.”

Mìsítúrà wo tíkẹ́ẹ̀tì ọwọ́ rẹ̀. “Ẹ̀gbẹ́ mi ni,” ó ní, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè.

Asher gba méjì. Ó fi ọ̀kan lé itan ọkùnrin tó ń fá lórí. Ọkùnrin náà ní òun kò sọ pé òun ń lọ síbì kankan.

“Orí rẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi,” ni Asher dá a lóhùn.

Ní ìsọ̀ búrẹ́dì, Luz, obìnrin Kòlóńbíà tó ti ń tajà ní ọjà Elephant and Castle kí wọ́n tó wó ibẹ̀, nu ìyẹ̀fun ọwọ́ rẹ̀ nù. Ó di Mìsítúrà mú ní èjìká, kò tètè fi í sílẹ̀. Ó ní òun ni òun máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mákánjúọlá, lónìí, ta wá ni òun yóò jókòó tì? Mìsítúrà rò ó pé Asher ní láti jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún, kí Luz jẹ́ ọwọ́ òsì. Ó ṣèlérí fún òun náà, Luz sì gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Làtíìfù tó ń tún fóònù ṣe, òun náà ní ẹ̀gbẹ́ Alàgbà Mákánjúọlá ni òun máa ń wà.

“Ẹ̀gbẹ́ wo?” ni Mìsítúrà bi í.

Làtíìfù ronú. “Ẹ̀gbẹ́ wọn, Aunty.”

Ó ṣèlérí fún un náà, Làtíìfù sì gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ènìyàn kan, ẹ̀gbẹ́ méjì ló ní. Mìsítúrà ń rìn lọ láàárín àwọn tó ń yan iṣu àti àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì, ó ń rò ó. Ó rántí ọ̀rọ̀ tí kì í wọ́n lẹ́nu ọkọ rẹ̀ pé ènìyàn ni aṣọ òun. Nígbà náà, òun á bi í pé bí ènìyàn bá jẹ́ aṣọ, ta ni yóò máa rán an. Mákánjúọlá á kàn rẹ́rìn-ín.

Aago kan ààbọ̀ ni Ojúọlá sọ̀ kalẹ̀ látinú bọ́ọ̀sì tó ti Old Kent Road dé, aṣọ ẹgbẹ́ akọrin ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Oníbàárà Mìsítúrà ni, òun ló ń bá a tún aṣọ náà ṣe lọ́dọọdún.

“Ṣebí èmi ni mo máa ń jókòó ti bàbá Rahmah,” ni Ojúọlá wí. “Ẹ̀yin kì í lọ. Mo mọ̀ yín o.”

“Mò ń lọ lónìí. Ẹ̀gbẹ́ yín ni màá wà.”

“Ẹ búra.”

“Mùsùlùmí kì í búra nítorí tíkẹ́ẹ̀tì.”

Ojúọlá rẹ́rìn-ín, ó gba èyí tó kù tán fún àwọn akọrin ẹgbẹ́ rẹ̀. “Tí mi ò bá rí yín níbẹ̀, ẹ wá ẹlòmíràn tí yóò máa mú aṣọ wá fún yín.”

Ọwọ́ Mìsítúrà ṣófo. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ ẹja kan, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń da yìnyín lé àwọn ẹja náà lórí. Kò fẹ́ràn irọ́, ó sì ti ṣe ìlérí kan náà fún ènìyàn mẹ́rin. Ó pinnu pé òun yóò dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn náà, òun yóò kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń wọlé, lẹ́yìn náà òun yóò lọ sílé sórí ẹní òun. Ẹni tó bá dé ẹnu ọ̀nà, ó ti dé náà nìyẹn.

Gbọ̀ngàn náà wà lẹ́yìn Old Kent Road, láàárín ibi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ àti ilé ìkẹ́rùsí kan tó ti di ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí Mìsítúrà fi máa dé, bọ́ọ̀sì ti pẹ́ nínú sún-kẹẹrẹ, gbogbo wọn ti wọlé. Jabez nìkan ló wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé rẹ̀.

“Mẹ́tàlélọ́gọ́ta, Aunty,” ó ní. “Luz kó àwọn àbúrò rẹ̀ wá. Mo ti kọ orúkọ Rahmah sí ti oṣù tó ń bọ̀.”

“Alhamdulillah.”

“Ẹ lè máa lọ sílé. Rahmah ti sọ fún mi pé ẹ kì í wò ó. Kò sẹ́ni tó máa bínú.”

Òótọ́ ni. Ohun tó wá ṣe ti parí. Mìsítúrà ti yí padà kó tó ṣèèṣì bojú wo inú gbọ̀ngàn. Èrò kún ibẹ̀ dé ara ògiri, àwọn mìíràn tilẹ̀ wà lórí ìdúró. Ṣùgbọ́n fìlà Asher wà lórí àga kan tó ṣófo. Ní òdìkejì, Luz gbé àpò lé àga kan. Ojúọlá tẹ́ aṣọ akọrin rẹ̀ lé òmíràn. Lọ́hùn-ún, Làtíìfù na ọwọ́ lé ẹ̀yìn àga kan, ó ń mi orí sí obìnrin kan tó fẹ́ jókòó. Àga mẹ́rin tó jìnnà síra wọn, nítorí ènìyàn kan.

Ó wọlé.

Asher gbé fìlà rẹ̀ kúrò. Abala mẹ́rin ni ìjà náà, ìṣẹ́jú méjì-méjì. Nígbà tí aago dún, bàtà Asher ni Mìsítúrà tẹjú mọ́. Ariwo sọ ní oríṣiríṣi èdè. “Ṣé wọ́n ti lù ú?” ó béèrè. “Ojú wà lórí rẹ,” ni Asher wí. Bí abala kìíní ti parí, ó rántí pé òun ti ṣèlérí fún Luz, ó sì dìde bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀. Aago dún nígbà tó ṣì ń gba àárín àwọn àga kọjá, ó kọ ẹ̀yìn sí ìjà. Ó dé ọ̀dọ̀ Luz, ó jókòó, Luz di ọwọ́ rẹ̀ mú gan-an, Mìsítúrà sì ń wo ìyẹ̀fun tó gbẹ sí èékánná obìnrin náà títí abala kejì fi parí. Abala kẹta, ọ̀dọ̀ Ojúọlá ló ti bá a. Bí aago ṣe dún pé ó tán, Làtíìfù ń juwọ́ sí i láti ọ̀nà jíjìn. Ó tún dìde.

“Ẹ tún ti ń lọ?” ni Ojúọlá wí. “Bí ọkọ yín gẹ́lẹ́. Kì í jókòó pẹ́. Bí ìjà bá ti gbóná báyìí, á ní òun fẹ́ lọ kí ẹnì kan lọ́hùn-ún. Bó bá parí, á wá yí wa ká lọ́kọ̀ọ̀kan: ‘Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ sọ fún mi, ẹ má fo nǹkan kan.’”

Mìsítúrà dúró níbi tó wà.

Ó rántí ohùn ọkọ rẹ̀ lórí fóònù, bó ṣe ń sáré sọ̀rọ̀, bó ṣe ń ṣàpèjúwe ẹ̀ṣẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Asher ló rí èyí tí ọmọ yẹ̀. Luz ló rí èyí tó kọsẹ̀ tí kò ṣubú. Mákánjúọlá kàn ń gbà á jọ ní àga dé àga, ó ń gbé e wá sílé fún òun. Gbogbo ọdún yẹn, kò sí ẹnì kankan nínú àwọn òbí méjèèjì tó wo ọmọ náà.

Rahmah wà lórí àpótí ní igun rẹ̀, wọ́n ń bu omi sí i lórí. Ojú rẹ̀ ń tẹ̀lé ọ̀nà tó wà láàárín àwọn àga, bí ẹni tó ń wá bàbá rẹ̀ tó máa ń rìn kiri níbẹ̀.

Mìsítúrà gbé ọwọ́ sókè sí Làtíìfù pé kó ní sùúrù. Ó padà jókòó.

“Ẹ ò lọ mọ́?” ni Ojúọlá bi í.

“Màá lọ bá a tó bá yá. Ẹ jẹ́ kí n wo eléyìí ná.”

Aago dún. Ọmọ rẹ̀ dìde, ó kọjú sí ẹni tí wọ́n jọ ń jà, ìmọ́lẹ̀ sì bà lé e láti orí dé ẹsẹ̀. Mìsítúrà gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Láti ibi tó jókòó, ó rí òwú funfun náà ní ìbàdí ṣòkòtò pupa náà.